Inú ni Ìpẹtà ti í Jẹ Ọkọ̀

Kókó ọ̀rọ̀ wa lónìí ni ìpẹtà, àti ọ̀nà tí a lè gbà dáàbò bo ara ọkọ̀ àtijọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá jù lọ àwọn ọkọ̀ kéékèèké onílẹ̀kùn méjì tí a ṣe nítorí eré sísá. Ẹlòmíràn lè béèrè pé, ọ̀rọ̀ pánẹ́bítà ni èyí, kí ni ó kan olùkọ́ èdè níbẹ̀? Ó kàn mí, ó sì kan ẹ̀yin náà. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ènìyàn ni, ọ̀rọ̀ òtítọ́ sì ni pẹ̀lú.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Bí irin bá pẹ́ nínú omi tàbí nínú ọ̀rinrin, tí ara rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, tí ó sì ń rún, a máa ń sọ pé ó dípẹtà, tàbí pé ó dógùn-ún. Nínú Bíbélì Yorùbá, ní orí 6 Ìhìnrere Mátíù, ìpáàrà ni a pe ohun kan náà. Orúkọ rẹ̀ pọ̀ lẹ́nu wa nítorí pé àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò irin. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ̀ láti ìgbà ìwásẹ̀ pé àdá tí a kò nù, tí a kò fi epo pa lára, tí a wá gbé lé ilẹ̀ tútù, kò ní í pẹ́ kí ó tó di ohun àpatì. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé irin ọkọ̀ kò nípọn bí irin àdá. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí mìlímítà kan lọ ní nínípọn. Ohun tí ìpẹtà lè fi ọdún púpọ̀ jẹ lára àdá kí ó tó ká a, díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti dá ihò sí ara ọkọ̀.

Kí ni ó ń fa ìpẹtà? Nǹkan mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ pàdé: irin, omi, àti ọ́síjìn tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Bí a bá mú ọ̀kan kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìpẹtà kò lè wáyé. A kò lè mú irin kúrò, nítorí òun gan-an ni ọkọ̀. A kò sì lè mú afẹ́fẹ́ kúrò láyé. Omi nìkan ni ó kù tí apá wa lè ká. Gbogbo ohun tí n óo sọ lónìí, orí gbólóhùn kan yìí ni ó dúró lé: ẹ má jẹ́ kí omi rí irin, bí ó bá sì rí i, ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Iyọ̀ ni ọ̀rẹ́ ìpẹtà. Òun kọ́ ni ó ń dá ìpẹtà sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó ń mú un yára. Ìpẹtà kò ṣẹ̀yìn agbára iná mànàmáná kékeré kan tí ń rìn lára irin láti ibì kan dé ibòmíràn. Omi iyọ̀ a sì máa gbé agbára náà ju omi òjò lásán lọ. Lẹ́yìn èyí, iyọ̀ a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, iyọ̀ tí ó ti gbẹ yóò tún yọ́ di omi. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé iyọ̀ sílẹ̀ láìdé ní ilé ìdáná ní Èkó, ní àkókò òjò, ti rí i bí ó ṣe ń ṣomi. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú kọ́lọ́fín ọkọ̀ níbi tí ojú kò tó. Òjò lè dá, oòrùn lè ràn, kí omi má sì tíì kúrò lára irin.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ọ̀rọ̀ yìí dé Amukòkò. Nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ajéròmi-Ìfẹ́lódùn ni ó wà, ní ìtòsí Ajégúnlẹ̀ àti Orílé, èbúté Àpápá kò sì jìnnà sí i. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀. Bí òjò oṣù kẹfà bá dé, omi a máa dúró ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, nítorí pé gọ́tà ti dí, omi kò sì rí ibi gbà lọ. Afẹ́fẹ́ tí ń ti ojú òkun bọ̀ a máa gbé iyọ̀ àti ọ̀rinrin wá. Ẹ gbójú sókè kí ẹ wo òrùlé àwọn ilé. Páànù tí ó ń dán ní ọjọ́ tí a kàn án, ẹ ó rí i tí ó ti pọ́n rúsúrúsú. Bẹ́ẹ̀ sì ni páànù yẹn wọ ẹ̀wù síńkì láti ilé iṣẹ́ wá, èyí tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa pe páànù fúnra rẹ̀ ní síńkì. Bí páànù tí ó wọ ẹ̀wù bá lè dà bẹ́ẹ̀ lórí ilé, níbi tí òjò ti ń ṣàn kúrò, kí ni a rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí páànù ọkọ̀ àtijọ́ tí kò wọ ohunkóhun lábẹ́ ọ̀dà, tí a sì fi sílẹ̀ nínú omi ẹlẹ́rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta?

Ìṣòro mìíràn ń bá ọkọ̀ gba ojú omi wọlé. Láti àwọn ọdún 1920 tí a ti kọ́ ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ òkun sí Àpápá, àti láti 1977 tí a ti ṣí èbúté Tin Can Island, àìmọye ọkọ̀ ni ó ti gba ibẹ̀ wọ ilẹ̀ wa. Àlòkù tí ń ti òkè òkun bọ̀ ni a sọ ní orúkọ ọmọ: Tòkunbọ̀. Orúkọ tí ó dùn ni. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí ó sì padà wá sílé ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ọ̀nà jíjìn dé, a máa ń yẹ ara rẹ̀ wò bóyá àìsàn kan bá a bọ̀. Ní Jámánì, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n a máa da iyọ̀ sí ojú títì ní àkókò òtútù kí omi dídì má baà mú kí ọkọ̀ yọ̀. Iyọ̀ náà a máa ta sí abẹ́ ọkọ̀, a sì máa dì mọ́ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, tòkunbọ̀ tí ara rẹ̀ ń dán ní èbúté lè ti gbé iyọ̀ ilẹ̀ òtútù lọ́wọ́ kí ó tó wá bá iyọ̀ òkun tiwa.

Ní ti àwọn ọkọ̀ eré àtijọ́, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ díẹ̀ tí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ ń ṣìkẹ́ káàkiri ayé. MGB ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà, tí a ṣe láti 1962 títí di 1980. Karmann Ghia ti ilẹ̀ Jámánì wà, tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1955, tí ó jókòó lórí ìpìlẹ̀ Volkswagen tí àwa ń pè ní Ìjàpá. Peugeot 504 onílẹ̀kùn méjì náà wà, láti 1969 sí 1983, ìbátan 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní Èkó tí ìdarí rẹ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kí ó ti wọ ìlú ṣáájú ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, ọjọ́ tí Nàìjíríà yí ìrìnnà ọkọ̀ sí apá ọ̀tún títì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún. Láyé ìgbà náà, ọ̀dà nìkan ni ẹ̀wù ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ní nǹkan bí 1975 ni ilé iṣẹ́ Porsche bẹ̀rẹ̀ sí í fi síńkì bo irin ara ọkọ̀ 911 rẹ̀. Ó sì tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí kí Audi tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ara Audi 100.

Ìdí pàtàkì kan wà tí ìpẹtà fi burú fún ọkọ̀ eré ju ọkọ̀ mìíràn lọ, pàápàá èyí tí kò ní òrùlé irin. Ẹ mú páálí bàtà kan. Bí ẹ bá de ìdérí rẹ̀ dáadáa, kò rọrùn láti lọ́ ọ. Ẹ ṣí ìdérí náà, páálí yóò rọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ rí. Èyí tí ó ní òrùlé, òrùlé ń bá ilẹ̀ ọkọ̀ pín ẹrù. Èyí tí kò ní, àpótí irin gbọọrọ méjì tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ni ó ń ru púpọ̀ nínú ẹrù náà. Àwọn ni eegun ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí ìpẹtà bá jẹ wọ́n tán, ọkọ̀ yóò tẹ̀ ní àárín bí pákó tí ikán ti jẹ. Ẹni tí ó fẹ́ yẹ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wò, kí ó wo àlàfo tí ó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀. Bí àlàfo náà bá fẹ̀ nísàlẹ̀, tí ó sì há lókè, tàbí tí ilẹ̀kùn kọ̀ láti padé nígbà tí a fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, kí ó má jẹ́ kí ọ̀dà tí ń dán tàn án jẹ.

Níbo wá ni omi ń sá pamọ́ sí? Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ni ibi àkọ́kọ́. Omi òjò a máa gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọ inú ilẹ̀kùn, èyí kì í sì í ṣe àbùkù; bí a ṣe ṣe ilẹ̀kùn nìyẹn. Àwọn tí ó ṣe é dá ihò kéékèèké sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè máa jáde. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ àti ẹrẹ̀ òjò a dí ihò náà pa, ilẹ̀kùn a wá di agbada omi. Lẹ́yìn màdígáàdì ni ibi kejì, níbi tí táyà ń ju ẹrẹ̀ sí. Ẹrẹ̀ yẹn a máa mu omi bí kànrìnkàn, kì í sì í tètè gbẹ. Abẹ́ rọ́bà gíláàsì iwájú àti ti ẹ̀yìn ni ibi kẹta. Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni ibi kẹrin, níbi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ wà. Kápẹ́ẹ̀tì lè gbẹ lójú, kí abẹ́ rẹ̀ máa rin gbingbin. Ibi tí bátìrì jókòó sí ni ibi karùn-ún. Nínú Ìjàpá, abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì wà, ásíìdì rẹ̀ a sì máa jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò wò. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wà ní gbangba. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé inú ni ìpẹtà ti í jẹ ọkọ̀. Ìwúlé pẹ́pẹ́ tí ẹ rí lára ọ̀dà lóde, ìròyìn tí ó pẹ́ dé ni. Ìpẹtà a máa fẹ̀ ju irin tí ó jẹ lọ, bí ó sì ti ń fẹ̀ ni ó ń ti ọ̀dà síta. Ní ọjọ́ tí ẹ bá rí i, ó ti ń gbé inú ilé tipẹ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ òtítọ́ ti wọ ọ̀rọ̀ wa. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọgbà àwọn pánẹ́bítà, kì í ṣe ní Amukòkò nìkan. Oníbàárà gbé ọkọ̀ dé. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ bá mi fi fílà dí ibí yìí, kí ẹ kùn ún. Mo fẹ́ gbé e lọ òde lọ́jọ́ Sátidé.” Pánẹ́bítà wò ó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, irin ibẹ̀ ti tán o. Ó yẹ kí a gé e, kí a lẹ òmíràn.” Oníbàárà bi í ní iye owó. Ó gbọ́ ọ, ó mirí. “Ẹ ṣáà dí i fún mi.” Pánẹ́bítà náà ní ọmọ tí ó ń lọ sí ilé-ìwé. Bí òun kò bá dí i, ẹni tí ó wà ní ọgbà kejì yóò dí i. Ó dí i.

Fílà àwọn pánẹ́bítà àti fìlà tí à ń dé sórí, ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe nígbà mìíràn. Fìlà ń bo orí pípá. Kò mú irun hù. Fílà ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó tọ́: láti mú ojú irin tí ó yè, tí a ti fi òòlù tẹ́, jọ̀lọ̀ kí a tó kùn ún. Ṣùgbọ́n bí a bá rọ ọ́ sójú ihò tí ìpẹtà yí ká, omi yóò gba ẹ̀yìn wọlé, ìpẹtà yóò máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ nínú òkùnkùn, fílà yóò sì jábọ́ lọ́jọ́ kan. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí ẹni tí ó ni ọkọ̀ bá sì tà á kí ìrì tó sẹ̀, ta ni yóò jókòó sínú rẹ̀ nígbà tí yóò wó? Ìdè bẹ́líìtì ìjókòó wà lára irin yẹn. Páìpù bíréèkì gba ara irin yẹn kọjá, ìpẹtà a sì máa jẹ páìpù náà pẹ̀lú. Ìyá ọlọ́mọ tí ó wọ ọkọ̀ kò lè mọ̀.

A máa ń dá pánẹ́bítà nìkan lẹ́bi. Mo rò pé kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ni ọkọ̀ ni a ń sanwó fún dídán, tí a sì ń pa owó mọ́ lórí ohun tí ojú kò rí. Iṣẹ́ tí a bá ń sanwó fún ni oníṣẹ́ ń ṣe. Bí a bá fẹ́ kí pánẹ́bítà sọ òtítọ́ fún wa, kí a kọ́kọ́ múra láti sanwó òtítọ́.

Ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ lè fi ohun kékeré dá ara rẹ̀ lójú. Kí ó wé mágínẹ́ẹ̀tì sínú aṣọ pẹlẹbẹ, kí ó máa gbé e káàkiri ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ màdígáàdì. Ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì kò bá ti lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ onírin, fílà ni ó wà níbẹ̀. Kí ó fi ìka kan ara ọkọ̀: irin a máa dún gbangan, fílà a máa dún bí ògiri amọ̀. Kí ó sì ká kápẹ́ẹ̀tì sókè.

Bí ìpẹtà bá ti wà, ìtọ́jú rẹ̀ ní ètò. Àkọ́kọ́, kí a gé gbogbo irin tí ó ti kú títí a ó fi dé ibi tí irin yè wà. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Èkejì, kí wẹ́dà lẹ páànù tuntun mọ́ ọn. Kí ó tó tan iná, kí a ti tú bátìrì, kí a ti kó kápẹ́ẹ̀tì kúrò, kí a sì ti gbé táǹkì epo jìnnà bí iṣẹ́ náà bá wà ní ìtòsí rẹ̀, nítorí pé ooru inú táǹkì tí epo ti tán lè búgbàù. Ẹ má sì gbàgbé pé iná wẹ́dà a máa jó ọ̀dà tí ó wà ní òdì kejì páànù. Ẹni tí ó bá kun òde nìkan lẹ́yìn èyí, ó ti ṣí ìlẹ̀kùn tuntun fún ìpẹtà nínú.

Ẹ̀kẹta, ibi tí ìpẹtà kò tíì jìn, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti pépà oníyanrìn fọ̀ ọ́ dé ojú irin. Ìpẹtà tín-ínrín tí ó bá kù nínú ihò kéékèèké, àwọn oògùn kan wà tí ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn tí kì í jẹ irin mọ́. Púpọ̀ nínú wọn ní ásíìdì fọ́sfọ́ríìkì tàbí taníìnì nínú. Taníìnì kì í ṣe àjèjì sí wa. Bí a bá fi ọ̀bẹ irin gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n, ojú ọ̀bẹ a máa dúdú; taníìnì ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó bá irin pàdé. Ní ilẹ̀ Málì, àwọn tí ń ṣe aṣọ bogolan a máa fi omi ewé tí ó ní taníìnì rẹ aṣọ, kí wọ́n tó fi ẹrẹ̀ tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ ya iṣẹ́ sí i. Dúdú tí ó yọ lára aṣọ náà kì í tètè ṣí. Ìdàpọ̀ kan náà ni oògùn yìí ń ṣe lára ọkọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀dà ìsàlẹ̀. Èyí tí síńkì pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó dára jù lórí irin tí a ti fọ̀ mọ́ tónítóní. Ọ̀dà pupa tí àwọn wẹ́dà máa ń kùn sára géètì kò burú, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè dá omi dúró. Bí a kò bá kun òmíràn lé e, ọ̀rinrin yóò gbà á kọjá. Ẹ̀karùn-ún, tí ó ṣe pàtàkì jù lọ, ni inú. Oríṣi ìda kan wà tí a ṣe fún kọ́lọ́fín ọkọ̀, tí ó máa ń ṣàn wọ ibi tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé, tí ó sì máa ń rọ̀ títí láìsán. Inú àpótí irin ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, inú ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn màdígáàdì, ibẹ̀ ni kí a fín in sí. Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a ṣe é, láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, nígbà tí ọyẹ́ àti oòrùn bá ti fa omi inú ọkọ̀ gbẹ. Bí a bá fín in sórí omi, a ti ti olè mọ́lé pẹ̀lú ẹrù nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kí a fi wáyà tún la àwọn ihò ìdaminù, kí ìda má baà dí wọn.

Àwọn àṣà kan wà tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ti lò, èyí tí à ń pè ní kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, pa abẹ́ ọkọ̀. Lóòótọ́ ni epo ń lé omi, ṣùgbọ́n ásíìdì àti èérí wà nínú kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ó ń ba rọ́bà jẹ́, kò dára fún awọ ara ènìyàn, ó sì ń kán sílẹ̀. Ní Amukòkò, níbi tí gọ́tà àti kànga ti sún mọ́ra, ilẹ̀ tí ó ń kán sí ni omi wa. Àwọn mìíràn a máa kun ọ̀dà dúdú tí ó dà bí kóltà. Ó dára níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì sán. Bí ó bá sán, omi a wọ abẹ́ rẹ̀, kì í sì í lè jáde mọ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá kùn ún máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Kí a má sì fi ọ̀rá de ọkọ̀ mọ́lẹ̀ pinpin. Òrùlé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, sàn jù ú lọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣé a kò lè so síńkì mọ́ ọkọ̀ bí wọ́n ti ń so ó mọ́ ọkọ̀ òkun? Ìbéèrè tí ó jinlẹ̀ ni. Ní 1824, onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Humphry Davy, fi hàn pé bí a bá so irin tàbí síńkì mọ́ bàbà tí a fi bo ìdí ọkọ̀ òkun, irin tàbí síńkì náà ni omi òkun yóò jẹ, bàbà yóò sì bọ́. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òkun ni a ń so òkúta síńkì mọ́ nídìí, kí síńkì lè kú dípò irin. Ṣùgbọ́n omi òkun tí ó yí wọn ká ni ó ń jẹ́ kí èyí ṣiṣẹ́. Orí ilẹ̀ ni ọkọ̀ tiwa ń rìn. Síńkì tí a so mọ́ apá kan rẹ̀ kò lè dáàbò bo apá kejì. Ara irin gan-an ni síńkì ti gbọ́dọ̀ wà, bí ẹ̀wù páànù tàbí nínú ọ̀dà. Ẹni tí ó bá ń ta ohun kékeré kan fún yín tí ó ní yóò fi iná bátìrì lé ìpẹtà kúrò lára gbogbo ọkọ̀, ẹ rántí ọ̀rọ̀ omi òkun yìí kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò.

Bí àkúnya bá bo ẹsẹ̀ ọkọ̀, kí a má dúró de ọjọ́ ìsinmi. Kí a fi omi tí kò níyọ̀ fọ abẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀yìn màdígáàdì. Omi kànga tí ọṣẹ kò bá hó dáadáa nínú rẹ̀, kí a fura sí i. Kí a kó kápẹ́ẹ̀tì síta, kí a la ihò ìdaminù, kí a ṣí ilẹ̀kùn àti búùtù sílẹ̀ fún oòrùn. Iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni, kò sì gba owó púpọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ tiyín ló kù. Ẹ mú ìṣó titun mẹ́rin àti ìgò mẹ́rin wọ kíláàsì. Ẹ fi ìṣó kìíní sínú ìgò gbígbẹ tí a dé pa pẹ̀lú èròjà tí ń fa ọ̀rinrin. Ẹ fi èkejì sínú omi tí a ti sè, kí ẹ sì da òróró lé e kí afẹ́fẹ́ má baà wọ̀ ọ́. Ẹ fi ẹ̀kẹta sínú omi lásán, kí ẹ sì fi ẹ̀kẹrin sínú omi iyọ̀, láìdé wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ yóò ti fi ojú ara wọn rí gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ọmọ tí yóò di pánẹ́bítà lọ́la lè wà lára wọn, èdè yìí ni yóò sì fi bá ọ̀gá rẹ̀ àti oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ó bá ti mọ ìdí tí irin fi ń kú, tí ó sì ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́, yóò rọrùn fún un láti sọ fún oníbàárà pé, “Ẹ̀gbọ́n, fílà kò lè wo èyí sàn,” kí oníbàárà sì gbọ́ ọ yé.

Ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́ ohun àmúṣọrọ̀. Ọwọ́ àwọn tí ó ṣe é ti rọ̀, irú rẹ̀ kò sì sí ní ilé iṣẹ́ mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó pẹ́, kí ó má wo ojú rẹ̀ nìkan. Kí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó wo abẹ́ rẹ̀. Kí ó ká kápẹ́ẹ̀tì, kí ó wo inú rẹ̀. Ibi tí ojú kò tó ni kí ó ná owó rẹ̀ sí ṣáájú.